Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Iléeṣẹ́ Bàálù Abẹ́lé: Ẹ Kọ Àsìkò Oúnjẹ sínú Rọ́sítà

Sí ẹ̀yin ọ̀gá tó ń bójú tó ìrìnàjò, rọ́sítà (ìwé ètò iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́) àti oúnjẹ ní àwọn iléeṣẹ́ bàálù tó ń ná ìlú sí ìlú ní Nàìjíríà. Ẹ̀dà kan fún NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó epo Jet A1, ẹ kú ìdúró de páàtì bàálù tó há sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. A mọ̀ pé ẹrù tó wà lórí yín ò fúyẹ́, a ò sì wá béèrè ohun tí apá yín ò ká. Oúnjẹ àwọn awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù la bá wá. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ìdáhùn kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: "Ṣebí à ń fún wọn lóúnjẹ." Òótọ́ ni, ẹ̀ ń fún wọn. Páálí oúnjẹ wà ní gálì, ibi tí wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ nínú bàálù, ó wà níbẹ̀ láàárọ̀, ó sì máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án. Àyè tí wọn ó fi jẹ ẹ́ ni kò sí, nítorí pé ẹni tó ṣe rọ́sítà kò fi sí i.

Ẹ mú ọjọ́ kan tó wọ́pọ̀: Èkó sí Abuja, Abuja sí Èkó, Èkó sí Port Harcourt, Port Harcourt sí Èkó. Bàálù àkọ́kọ́ fẹ́ gbéra ní 6:30 àárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ síwèé ní 5:15. Ẹni tó ń ti Ìkòròdù tàbí Ajah bọ̀ yóò ti jí ní aago mẹ́ta òru, torí ta ni yóò fọkàn tán títì Èkó? Ta ló sì ń jẹun ní aago mẹ́ta òru? Bí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, wọn á balẹ̀ sí Abuja ní 7:45, wọn á gbéra ní 8:30, wọn á dé Èkó ní 9:45. Wọn á tún gbéra ní 10:30, wọn á dé Port Harcourt ní 11:45, wọn á kúrò níbẹ̀ ní 12:30, wọn á sì padà dé Èkó ní 1:45 ọ̀sán. Kí wọ́n tó parí ìwé, aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wákàtí 9 nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ síwèé, ó lé ní wákàtí 11 láti ìgbà tí wọ́n ti jí. Àsìkò oúnjẹ àárọ̀ ti kọjá lórí wọn, ti ọ̀sán náà ti kọjá. Ọjọ́ tí kò sí dìléè kankan la sì ń sọ yìí.

Lójú ẹni tó wà ní ọ́fíìsì, ìṣẹ́jú 45 tí bàálù fi ń dúró láàárín ìrìnàjò kan sí èkejì jọ àyè ìsinmi. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Èrò máa ń lo bí ìṣẹ́jú 10 láti sọ̀ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ẹni ìkẹyìn á fi jáde. Ìṣẹ́jú 10 mìíràn, wọ́n ń gbá ilẹ̀, wọ́n ń to bẹ́líìtì, wọ́n ń yẹ abẹ́ àga àti àpótí òkè wò bóyá ẹnikẹ́ni gbàgbé nǹkan tàbí ó dìídì fi nǹkan sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 fún èrò tuntun láti wọlé, tòun ti àpò tí kò wọ àpótí òkè tí gbogbo wọn ṣì fẹ́ tì í wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 5 tó kù, wọ́n ń ka orí, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ń bu epo nígbà tí èrò wà nínú bàálù, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró rẹ̀, kó lè kó èrò jáde bí iná bá sọ. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó ń gbé ṣíbí sẹ́nu níbẹ̀.

Àwọn awakọ̀ ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn á sọ̀ kalẹ̀ lọ yí bàálù po, á wo táyà, á wo ẹnu ẹ́ńjìnnì, á wo bóyá epo ń jò. Èkejì á máa tẹ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà sínú kọ̀ǹpútà bàálù, á máa gba ìròyìn ojú ọjọ́, á máa ṣírò epo, á sì máa dúró de ìwé ẹrù tí kì í tètè dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lórí bí wọn yóò ṣe gbéra àti ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú. Iṣẹ́ tí àṣìṣe ti máa ń rọrùn jù nìyí, nítorí nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà tí a sì ṣì tẹ̀ kì í pariwo.

Ó kù kí ẹnìkan sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ lókè." Ìlànà kan wà káàkiri ayé pé bí bàálù kò bá tíì kọjá 10,000 ẹsẹ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí kì í ṣe ti ìwakọ̀. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin ní 1981, lẹ́yìn àwọn ìjàm̀bá bíi ti bàálù Eastern 212 tó já ní Charlotte ní 1974 nígbà tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń tàkùrọ̀sọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá balẹ̀. Òfin náà dárúkọ oúnjẹ jíjẹ pàápàá mọ́ ohun tó kà léèwọ̀. Èkó sí Abuja kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ lójú òfurufú. Ẹ yọ gígùnkè kúrò níbẹ̀, ẹ yọ sísọ̀kalẹ̀, ohun tó kù kì í ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Láàárín àsìkò yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ gba àárín èrò tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n tún ń kó ike àti ìdọ̀tí padà kí iná bẹ́líìtì tó tún tàn. Wọ́n ń pín oúnjẹ fún gbogbo ayé, ikùn tiwọn ṣófo.

Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n á bu mítípáì èrò jẹ ní ìdúró, wọ́n á fi míránńdà lé e. Ìyẹ̀fun, ọ̀rá àti ṣúgà. Ara á tají fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò rọ wọ̀ọ̀, nígbà míì tó jẹ́ pé ìgbà tí bàálù ń sọ̀ kalẹ̀ sí Port Harcourt nínú òjò ni. Ẹni tí ebi ń pa kì í dédé dákú. Ohun tí a ń rí ni pé ó tún ìwé àyẹ̀wò kà lẹ́ẹ̀mejì torí pé kò mọ ibi tó dé, ó dá èrò lóhùn pẹ̀lú ìbínú, ó gbọ́ 120 ó kọ 210. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; nínú yàrá awakọ̀, "ọ̀rọ̀ mìíràn" yẹn ni ohùn àwọn tó ń darí bàálù láti orí ilẹ̀.

Omi tún wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ ju ti ọyẹ́ lọ nígbà míì, ọ̀rinrin rẹ̀ lè má tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ sá fún omi, nítorí pé kí ọ̀kan tó lè lọ tọ̀, òṣìṣẹ́ inú bàálù kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá dí ojú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé, kí ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀ tó ṣí, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún á sì dúró. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí a gbé ike omi tó ní ìdérí, oníwọ̀n lítà kan ààbọ̀, kalẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 9 yẹn, kí a sì ya ìṣẹ́jú ilé ìtọ̀ sọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà tí bàálù bá dúró kí èrò tó wọlé.

Àwọn kan nínú yín ti fi owó rọ́pò oúnjẹ, ẹ ń san owó oúnjẹ mọ́ owó oṣù. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n owó ò ṣe é jẹ. Ilé oúnjẹ pápákọ̀ wà lápá ibi tí èrò ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ yóò jáde, yóò tò, yóò san owó, yóò tún padà gba ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá, bàtà á tún bọ́, bẹ́líìtì á tún tú. Nínú ìṣẹ́jú 45 tí a tú palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, níbo ni ìyẹn yóò ti jáde?

Àwọn ibòmíì ti kọ nǹkan sílẹ̀ lórí èyí. Ní Yúróòpù, òfin tí EASA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ń tẹ̀ lé láti 2016, ORO.FTL.240, sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti jẹ kó sì mu, pàápàá bí iṣẹ́ bá ju wákàtí 6 lọ, iléeṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ kọ bí yóò ṣe ṣe é sínú ìwé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀. Àlàyé tó bá òfin náà rìn fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀: iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 11 àárọ̀ tó parí ní aago 10 alẹ́ gbọ́dọ̀ ní àyè fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Kánádà sọ ọ́ ní ṣókí: ìṣẹ́jú 15 láti jẹ àti láti mu nínú wákàtí 6 kọ̀ọ̀kan fún awakọ̀. Amẹ́ríkà, pẹ̀lú gbogbo ariwo òfin Part 117 wọn ní 2014, ka wákàtí iṣẹ́ àti ti oorun, kò mẹ́nu ba oúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ ti ṣe àwòkọ́ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oúnjẹ náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu tí ọ̀pọ̀ ò rí wà.

Ìrẹsì tí a sè ní aago mẹ́rin òru, tí a gbé sí gálì ní aago márùn-ún, tí ẹnìkan ṣí ní aago kan ọ̀sán, ti lo wákàtí 9 nínú ooru. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì, Bacillus cereus ni wọ́n ń pè é, tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú bí a bá sè é. Bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí mélòó kan, á hù, á sì tu májèlé jáde, iná ófùn kì í sì í pa májèlé ọ̀hún. Nítorí náà, "a ó tún gbé e gbóná" kì í ṣe ìdáhùn. Ìlànà WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ṣe kedere: oúnjẹ tútù gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ 5°C, èyí tó gbóná gbọ́dọ̀ kọjá 60°C, a kò sì gbọdọ̀ fi oúnjẹ sísè sílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ láìsí fíríìjì tàbí ohun tó ń mú un gbóná.

Ní oṣù Kejì 1975, bàálù Japan Air Lines kan tó ń lọ sí Copenhagen gbé oúnjẹ àárọ̀ ní Anchorage. Ẹnìkan tó fọwọ́ kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ ní egbò ní ìka, oúnjẹ náà sì ti pẹ́ jù níta fíríìjì kó tó délé ẹnu. Ó lé ní 190 èrò tó ṣàìsàn. Àwọn awakọ̀ ò fara gbá a torí pé wọn ò jẹ nínú oúnjẹ náà. Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni kò fi yẹ kí kápútẹ́ènì àti igbákejì rẹ̀ jẹ oúnjẹ kan náà. Níbi púpọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ méjì ni ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú adìẹ àti ìrẹsì funfun pẹ̀lú adìẹ. Adìẹ inú ìkòkò kan náà! Bí a bá fẹ́ ṣe é dáadáa, kí ọ̀kan jẹ́ ìrẹsì àti adìẹ, kí èkejì jẹ́ àsáró àti ẹja, kí ọwọ́ tó dì í yàtọ̀, kí a sì kọ "K" sára ọ̀kan, "I" sára èkejì. Ẹ má sì sọ pé kí ọ̀kan jẹ, kí èkejì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Irú májèlé Anchorage yẹn lè pẹ́ tó wákàtí mélòó kan kó tó fara hàn, wọn á ti jẹ tán nígbà náà.

Àsáró yẹn, a mọ̀ọ́mọ̀ dárúkọ rẹ̀ ni. Ó ki, kì í dà, ṣíbí kan ṣoṣo ló gbà, kò sì sí egungun nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ olómi kò gbọdọ̀ dé yàrá awakọ̀. Ní oṣù Kejì 2019, ife kọfí tó dà nínú yàrá awakọ̀ bàálù A330 kan tó ń ti Frankfurt lọ sí Cancun ba ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ jẹ́, èéfín yọ, wọ́n sì ní láti yà balẹ̀ sí Shannon ní Ireland. Ní 2020, EASA pàṣẹ pé kí a ya apá kan nínú yàrá awakọ̀ bàálù A350 sọ́tọ̀ tí ohun mímu kò gbọdọ̀ dé, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì kú lójú òfurufú nítorí ohun mímu tó dà sórí bọ́tìnnì. Ife tó ní ìdérí, kí a sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, kì í ṣe orí àwọn ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí ẹ́ńjìnnì láàárín.

Ẹ̀bà àti àmàlà náà kò bá a mu, kì í ṣe pé a kórìíra wọn. Omi ìfọwọ́ ò tó nínú bàálù, awakọ̀ kì í sì í fi ọwọ́ tó kún fún ọbẹ̀ di ìjánu bàálù mú. Ẹ̀wà ńkọ́? Bí bàálù bá gòkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè dà bí ti orí òkè tó ga tó 8,000 ẹsẹ̀, gáàsì inú ikùn á sì fẹ̀ sí i ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń gòkè lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀ di ilé. Mọ́ín-mọ́ín tí a ti bó èèpo rẹ̀ dáadáa sàn díẹ̀. Kí ata má pọ̀, kí epo má jò.

Fún òwúrọ̀, ohun tó ṣe é jẹ ní tútù ló dára jù: ẹyin síse 2 tí a kò tíì bó, búrẹ́dì wíìtì bíbẹ́ 2 pẹ̀lú adìẹ gígé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 1, ẹ̀pà sísun ìkúnwọ́ kan. (Ṣúgbọ́n kí ẹni tó bá máa bó ẹyin bó o ní gálì, òórùn rẹ̀ nínú yàrá awakọ̀ kì í tètè lọ.) Kúlà kan tó gba 30 lítà pẹ̀lú yìnyín inú ike 4 gba ti èèyàn 6. Kí a fi tẹmómítà kékeré sínú rẹ̀, kí ẹni tó gbé e wọ bàálù kọ ohun tó kà sílẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán ni kí ẹ má ṣe gbé wọ bàálù láàárọ̀. Bàálù ń padà wá sí Èkó ní 9:45. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n gbé e wá, kó gbóná nínú àpótí tó ń pa ooru mọ́, 60°C sókè, ìwọ̀n bíi 400 gíráàmù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n jẹ ẹ́ ní Port Harcourt, ní nǹkan bí aago méjìlá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ófùn. Àwọn bàálù kéékèèké kan ò ní i rárá, èyí tó sì ní i ń fẹ́ iná fún bí ìṣẹ́jú 20, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè ti pa APU, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún bàálù níná, lórí ilẹ̀ láti ṣẹ́ epo kù, kí iná ti orí ilẹ̀ má sì tíì dé.

Nípa àsìkò: nínú ọjọ́ ìrìnàjò mẹ́rin, ẹ sọ ìdúró kan di ìṣẹ́jú 65 dípò 45. Ẹ kọ ọ́ sínú rọ́sítà pẹ̀lú aago rẹ̀, "Oúnjẹ, Port Harcourt, 12:00 sí 12:20", bí ẹ ṣe ń kọ nọ́ńbà bàálù. Kí èrò má bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kí 12:20 tó lù, kí ẹni tó wà lẹ́nu géètì ní ìwé náà lọ́wọ́ kó má baà rán wọn sílẹ̀ ṣáájú. Kí àwọn agbálẹ̀ orí ilẹ̀ gba iṣẹ́ gbígbá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ inú bàálù ní ìdúró yẹn. Bí kò bá sí èrò nínú bàálù, gbogbo wọn lè jókòó; bí èrò bá wà níbẹ̀, méjì méjì.

Dìléè ló máa ń ba gbogbo ètò jẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ìkùukùu eruku lè dá bàálù dúró fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ rò pé wákàtí mẹ́ta yẹn tó fún oúnjẹ ọba, àmọ́ ohun tí ọ́fíìsì ń sọ fún wọn ni "ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i", lẹ́yìn náà "ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i", kò sì sí ẹni tó lè ṣí páálí oúnjẹ nígbà tó ń retí pé wọn ó pè é. Bí dìléè bá ti dà bí èyí tó máa ju ìṣẹ́jú 40 lọ, ẹ sọ pé 40 ni, kí wọ́n jẹun. Bí ó bá ju wákàtí 2 lọ, kí oúnjẹ mìíràn wá láti orí ilẹ̀, torí èyí tó wà nínú bàálù ti di ìdọ̀tí. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn pápákọ̀ tí kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn máa ń kó yín sí ìkánjú, ìṣẹ́jú 20 oúnjẹ sì ni ẹ máa ń kọ́kọ́ gé. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ìdúró tó ṣáájú, ẹ má pa á rẹ́.

Lásìkò Ramadan, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbààwẹ̀ ṣáájú kí rọ́sítà tó jáde. Iṣẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù, lẹ́yìn sàárì, ló máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹni tó bá wà lójú òfurufú ní àsìkò ìṣínu, kí dàbídù àti omi wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ká ní oúnjẹ kan jẹ́ N5,000. Èèyàn 6, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, N60,000 lọ́jọ́ kan. Bí èrò 100 bá wà nínú ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, N150 ló kan èrò kan, kò tó owó omi inú ike ní pápákọ̀. Ìṣẹ́jú 20 ló wọ́n, a ò ní parọ́ fún yín. Bàálù tó dúró kì í pa owó. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń pàdánù ju ìṣẹ́jú 20 lọ nítorí ìwé ẹrù tó pẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí a fa ìwé ẹrù yọ nínú ètò.

Ẹ̀yin NCAA, ohun méjì péré: kí ẹ ní kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ iye ìṣẹ́jú oúnjẹ àti aago rẹ̀ sínú ìwé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fún yín máa béèrè ìwé tẹmómítà kúlà náà bí wọ́n ṣe ń béèrè ìwé àtúnṣe bàálù.

Rọ́sítà oṣù tó ń bọ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kò tíì fi ránṣẹ́. Ẹ fi ìlà kan kún un fún oúnjẹ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Àwa tí iṣẹ́ inú bàálù jẹ́ iṣẹ́ wa.